Mo Sọ Àlébù Rẹ̀ Kí N Tó Dárúkọ Owó

Ọdún mọ́kànlá ni gìtá béèsì yẹn fi wà lọ́dọ̀ mi. Mo rà á ní ₦70,000 ní 2013, mo tà á ní ₦260,000 ní 2024, ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti ìlú Ọ̀yọ́ ló sì gbé e lọ. Tó bá jẹ́ ti owó la fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín ọjọ́ tí mo pinnu àtità á àti ọjọ́ tó jáde nílé mi, ohun kan sì ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ níbí.

Ọwọ́ òsì mi ló fà á. Láti ìparí 2022 ni ọrùn ọwọ́ náà ti ń dùn mí. Ìrora ọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ ní ìdí àtàǹpàkò, á gùn ún dé ìgúnpá. Béèsì kì í ṣe ohun tó fúyẹ́: tèmi wúwo ju kìlógíráàmù 4 lọ, èjìká kan ṣoṣo ló sì ń gbé e. Ínǹṣì 34 ni ibi tí okùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n gùn, ìwọ̀n tí Leo Fender lò nígbà tó gbé Precision Bass jáde ní California ní 1951, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò sì yí padà títí dòní. Lápá orí gìtá, àlàfo tó wà láàárín fret kan (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) sí èkejì fẹ̀ débi pé ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ ya gidi kí wọ́n tó ká a. Dókítà tó yẹ ọwọ́ mi wò ní kí n fi gìtá sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo tún gbé e, ìrora ti padà dé kí n tó lu orin kejì tán.

Mo lè fi í sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá kí n máa wò ó. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ láti pààrọ̀ bátìrì, bátìrì 9V tó wà níbẹ̀ ti jò, ó sì ti jẹ àwọn irin tó ń gba iná lára rẹ̀. (Irú gìtá yìí ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú tó ń gbé ohùn pickup, ohun tó ń gba ìró okùn, sókè kó tó dé áńpù, bátìrì yẹn ló ń bọ́ ọ.) Mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àti fínígà fọ̀ ọ́, ó mọ́. Ọ̀yẹ́ méjì sì ti kọjá lórí gìtá náà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Igi ọrùn rẹ̀ ti gbẹ, ó ti sún kì, ẹnu àwọn irin fret wá yọ síta létí igi bí eyín ayùn. Mo fi ọwọ́ ra ọrùn náà láti òkè délẹ̀, ó sì ha mí. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pinnu pé kó lọ bá ẹni tí yóò máa lù ú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe rà á.

Tòkunbọ̀ ni. Èkó ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń já irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹténà. Ilé iṣẹ́ kan ní Jàpáàn ló ṣe é, okùn márùn-ún ni, nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn orí, kò sí ibi tó sán. Mo fi í sí áńpù nínú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, mo lu gbogbo ohun tí mo mọ̀ nígbà náà, ohùn rẹ̀ mọ́ láti okùn kìíní dé ìkarùn-ún. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣàkíyèsí ni pé okùn rẹ̀ ga sókè lójú igi, ó gba agbára kéèyàn tó lè tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà ní bí béèsì ṣe ń rí nìyẹn, pé ìka mi ń bọ̀ wá le. Mo gbà á gbọ́. Oṣù mẹ́rin ni awọ orí ìka mi fi ń bó, mo sì ń rò pé èmi ni n kò tíì mọ̀ ọ́n lù.

Ọ̀gá kan tó ń tún gìtá ṣe nílùú Ìbàdàn ló là mí lójú. Nínú ọrùn gìtá, irin gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní truss rod. Agbára tí àwọn okùn márààrún fi ń fa ọrùn síwájú tó ìwọ̀n àgbàlagbà ọkùnrin kan. Irin yìí ló ń fà á padà. Bí ọrùn bá tẹ̀ jù, a ó fi kọ́kọ́rọ́ Allen yí ẹnu irin náà díẹ̀díẹ̀, ìdámẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan. Tèmi kò yí mọ́. Ẹni tó ni ín ṣáájú ti fún un dé òpin. Nígbà tí ọ̀gá náà wá sọ okùn kalẹ̀ sí ibi tó yẹ kó wà, a rí i pé fret kẹjọ yọrí ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ibi tí a bá ti tẹ fret keje lórí okùn kẹta, okùn náà ń gbá irin, ó ń dún bí eṣinṣin inú agolo. Ọ̀gá náà wò mí, ó ní, “Ẹ rí i báyìí? Wọ́n gbé okùn yìí sókè kí ẹ má baà gbọ́ eléyìí ni.”

Ó tú nọ́ọ̀tì ẹnu irin náà, ó fi wáṣà méjì sí abẹ́ rẹ̀ kí ó lè rí ibi dì mú, ó tún un dì, irin náà sì yí díẹ̀ sí i. Ó fi fáìlì rá fret kẹjọ, kò rá a tán, ó ní bí òun bá rá a jù, èyí tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Eṣinṣin náà kù díẹ̀ níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi mọ ibi tó wà, tí mo ń yẹra fún un láìronú, bí èèyàn ṣe ń yẹ pátákó kan tó ń ké ní ilẹ̀ ilé rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ohun tí kò dára ni mo gbé kọ́ èjìká láti ọdún yẹn wá. Gìtá yẹn dára. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ń lù ú, ẹni tó bá fẹ́ dá orin kì í béèrè kíì, ìyẹn ohùn tí orin yóò dúró lé, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà kan á dìde níbi tó jókòó sí, á gbé orin níbi tí ohùn rẹ̀ bá bọ́ sí, àwa tá a wà nídìí ohun èlò la máa wá a kàn. Béèsì olókùn mẹ́rin kì í sọ̀ kalẹ̀ ju ohùn tí à ń pè ní E lọ. Bí ìyá bá gbé orin ní C, dò tó bá a mu wà lórí okùn mẹ́rin lóòótọ́, àmọ́ kò jinlẹ̀ tó láti gbé gbogbo ìjọ. Lórí okùn karùn-ún, fret àkọ́kọ́ gan-an ni C wà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ ó gbọ́ ọ nínú bẹ́ǹṣì tẹ́ ẹ jókòó lé.

Ní ọdún kejì, bàbá tó ń lu dùndún fún wa pè mí sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, “Ọmọ mi, kí lo ń sọ látàárọ̀?”

Mo ní, “Bàbá, n kò sọ nǹkan kan, sà.”

“Gìtá rẹ ń sọ̀rọ̀. A ń kọrin nípa ọkọ̀, ìwọ ń pe ọkọ.”

Ó gbé dùndún sí abíyá, ó lù ú fún mi: re, dò. Ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó lu ohun tí èmi ń lù: re, re. Ọkọ. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ dò re mí orí ọ̀rọ̀, èmi tí mo ti kàwé jáde ń dúró sí re lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé kọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀ gbà mí láàyè. Ìbámu ohùn kò yẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló yẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní èyí nínú gbogbo fídíò tí mo wò. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń pe ọ̀rọ̀ orin sẹ́nu kí ìka mi tó lọ síbi okùn, mo sì rí i pé nígbà tí béèsì bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ àwọn ìyá tó ń jó máa ń wúwo lọ́nà tó dára, wọ́n á fi tẹ ilẹ̀ dáadáa.

Bàbá yẹn náà ló rán mi lọ gbọ́ agídìgbo nínú àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá. Àpótí igi ni, wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mélòó kan mọ́ ojú rẹ̀, ìka sì ni wọ́n fi ń ta á. Ó ní iṣẹ́ tí mo rò pé òyìnbó ló fi gìtá gbé dé, agídìgbo ti ń ṣe é nínú orin wa tipẹ́. Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà wí: bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Mo ti ń gbọ́ òwe náà láti kékeré, mo sì rò pé lórí òwe lásán ni wọ́n ń pa á. Orí ohùn ìsàlẹ̀ ni. Mo gbọ́ àwo kan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń fi béèsì wá ibi tí ìka alágídìgbo ń bà lé. Bàbá náà ti kú báyìí. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ béèsì, inú gìtá yẹn ni mo ti fi ọwọ́ wá a rí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ títà. Mo ya fọ́tò mẹ́sàn-án lójú oòrùn àárọ̀, mo kọ ₦290,000 sí i, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tá a jọ ń lu ohun èlò. Ẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn kò kí mi, “Èló ni láàsì ẹ̀?” ló kọ. Ẹnì kan fẹ́ fi kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ pààrọ̀. Òmíràn ní kí n gbé e pàdé òun ní gáréèjì, pé òun á fi owó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ti rí àwọn tí álẹ́ẹ̀tì ayédèrú pa lẹ́kún, mo ní n kò lọ. Àwọn kan ní mo fẹ́ jẹ èrè àjẹjù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2013, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦160 lọ, owó tí mo san jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 440. Lẹ́yìn tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà fún ọjà ní June 2023, dọ́là kan ti lé ní ₦1,500 nígbà tí mo ń tà á. ₦290,000 kò tó dọ́là 200. Ọmọ tó ń kọ́ béèsì nílẹ̀ yìí báyìí kò lè dábàá àtira tuntun àfi tí ẹnì kan bá rà á fún un; àlòkù ló kù fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé irọ́ lórí àlòkù burú lónìí ju bó ṣe burú nígbà tí wọ́n pa á fún mi lọ. Nígbà tèmi, ó ṣeé ṣe kí n fi ara da àṣìṣe náà kí n tún òmíràn rà.

Àmọ́ n kò tíì rò ó báyẹn nígbà tí mo ń ya fídíò. Gbogbo wọn ló ní kí n fi fídíò ránṣẹ́ kí àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn béèsì kì í sì í sí nínú fóònù. Okùn E tí a kò tẹ̀ ń gbọ̀n nígbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn B, ìyẹn okùn karùn-ún, ń gbọ̀n nígbà 31. Sípíkà fóònù kéré jù, kò lè ti afẹ́fẹ́ tó ìyẹn. Ohun tí ẹ ó gbọ́ ni ìka tó ń kan okùn, àti àwọn ohùn tín-ín-rín tó gun orí ohùn gidi, etí yín á wá fi ìyókù kún un fúnra rẹ̀. Ohun tí fóònù ń gbọ́ yékéyéké ni eṣinṣin inú agolo. Nítorí náà, nínú fídíò àkọ́kọ́, mo fo fret keje.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lu jáàsì wá kí mi ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó mọ iye tí mo ti ná lórí ọwọ́ mi. Ó gbé gìtá náà, ó lù ú, ó gbọ́ ibi tó ń ké. Ó ní, “Gbé okùn sókè díẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ta ló máa mọ̀?” Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, n kò bínú sí i.

Nígbà tó lọ tán, mo mú kọ́kọ́rọ́ Allen kékeré, mo gbé okùn sókè. Okùn kọ̀ọ̀kan ní ìdè méjì níbi tó jókòó lé ní ìdí gìtá, mo yí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lu fret keje lórí okùn kẹta. Ó mọ́ lóló. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ọrùn ọwọ́ mi sì ta mí, ìka mi rì sínú okùn, awọ rẹ̀ sì rántí. Ìga yẹn gan-an ni. Bó ṣe ga nínú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn ní 2013 náà ni mo ṣe gbé e, n kò sì fi rúlà wọ̀n ọ́n. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń pe ọkùnrin yẹn ní orúkọ kan nínú ọkàn mi. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ti ní ọ̀rẹ́ tó mọ ìnáwó rẹ̀.

Mo sọ okùn kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, mo ya fídíò mìíràn, mo tẹ fret keje lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa. Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣáájú owó: irin ọrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, wáṣà méjì sì wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì rẹ̀; fret kẹjọ yọrí díẹ̀; bátìrì ti jò nínú rẹ̀ rí, mo sì ti fọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi rí i, ó ní mo ti lé àwọn oníbàárà. Òótọ́ ni. Àwọn tó ń bi mí ní láàsì kò bi mí mọ́.

Ọjọ́ kẹrin, ẹnì kan pè. Ó kí mi dáadáa, ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, irin ọrùn yẹn, ṣé ó ṣì kù díẹ̀ tó lè yí?” Nínú gbogbo àwọn tó ti bá mi sọ̀rọ̀, òun nìkan ló béèrè nípa gìtá.

Òun àti àbúrò bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ dé ní ọjọ́ Sátidé, láti Ọ̀yọ́. Kò lè ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Béèsì ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló fi ń kọ́ra, wọ́n sì máa ń tì í mọ́ yàrá lẹ́yìn ìsìn, kò sí bó ṣe lè fọwọ́ kàn án láàárín ọ̀sẹ̀. Iná kò sí. Mo dìde láti tan jẹnẹrétọ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ ó wà ná, sà.” Ó jókòó, ó gbé gìtá lé itan, ó tẹ orí ba títí egungun àgbọ̀n rẹ̀ fi kan ìwo igi tó wà lókè, ó wá ń ta okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, fret kan tẹ̀ lé òmíràn. Igi á gbọ̀n, egungun á gbé e dé etí. Ẹni tó ti fi òru àìsíná kọ́ béèsì nìkan ló ń mọ ọgbọ́n yẹn. Èmi náà ṣe é rí.

Ó dé fret keje lórí okùn kẹta, ó dúró. Ó ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

“Òun nìyí?”

“Òun ni.”

“Kò pọ̀ tó bí mo ṣe rò, sà.” Ó sì ń bá a lọ sí ìkẹjọ.

Àbúrò bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, ó ní, “Ọ̀gá wa, ẹ ṣàánú wa, nǹkan tó ti ní àìsàn lára.” Ọmọbìnrin náà dá a lẹ́kun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní ₦260,000 ló wà lọ́wọ́ òun, òun ò ní èyí tó lé. Mo ti yọ ₦30,000 nínú ọkàn mi fún ẹni tí yóò bá òun náà tún irin yẹn ṣe lọ́jọ́ iwájú, nítorí náà a kò ná an pẹ́. Mo tan jẹnẹrétọ̀ kó lè gbọ́ ọ nínú áńpù. Mo sọ fún un kó máa yọ wáyà lẹ́nu gìtá tó bá ti lù ú tán, torí bí wáyà bá wà níbẹ̀, bátìrì ń jó lọ. Kó má gbé e kọ́ ara ògiri nígbà ọ̀yẹ́, inú àpò rẹ̀ ni kó máa wà. Kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára yí irin ọrùn rẹ̀. Mo di wáṣà méjì tó ṣẹ́kù sínú ọ̀rá kékeré fún un. Mo sì sọ ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọkọ̀ fún un. Ó gbé e sẹ́nu, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ re, ó sọ̀ sí dò.

Owó wọlé, mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú bánkì mi, wọ́n lọ. Bẹ́líìtì rẹ̀ aláwọ̀ pupa ṣì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, kò fẹ́ ẹ, ó ní ó gùn jù fún òun.

Ọ̀sẹ̀ kejì, lálẹ́ Sunday, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ìjọ wọn ń kọrin, àtẹ́wọ́ ń dún, dùndún wà níbẹ̀. N kò gbọ́ béèsì, fóònù kò lè gbé e. Mo gbọ́ ìka rẹ̀ tó ń kan okùn. Wọ́n yí orin, ìka náà gòkè, mo gbọ́ ọ kedere láàárín àtẹ́wọ́: eṣinṣin inú agolo, fret keje, okùn kẹta. Kò fò ó. Mo gbé fóònù mọ́ etí, mo tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.